Táyà Tí Kì Í Jò

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Karùn-ún
Ẹ̀gún tún gún Alágídí, ẹ̀rọ ìgékoríko mi tí mò ń jókòó lé. Táyà iwájú, ọwọ́ òsì. Jíjò kẹtàdínlógún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Owó lílẹ̀: ₦1,500 lọ́nà 17 = ₦25,500. Mo tú u, mo gbé e lérí, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Onítáyà ní ìkóríta. Ó ní, "Ìyá Koríko, ṣé ẹ gbin ẹ̀gún sí pápá ilé ìwé yẹn ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lílẹ̀ rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo lo wákàtí kan lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Kò jò. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bá sọ̀rọ̀ — olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀ mà." "Ẹ káàárọ̀." Ó tán.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó jò! Ọwọ́ ọ̀tún. (Èmi rèé tí mò ń yọ̀ sí táyà tó jò.) Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò ṣàwàdà lónìí. Ó yọ ẹ̀gún, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní: "Ẹ lọ ra táyà tí kì í gba afẹ́fẹ́. Kí ẹ sinmi." Oníṣòwò wo ló ń lé oníbàárà? Àfi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti sú u. Mo ti ń jókòó pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ sí ilé ìtajà ohun èlò. Oríṣi méjì. Oní-fóòmù: 39,000 fún méjèèjì. Ó rọ̀, kì í gbọn èèyàn lẹ́yìn — ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá dúró sójú kan pẹ́, ó máa ń tẹ́ lápá kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Alágídí fi ń dúró nígbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé. Oní-rọ́bà gbọingbọin: 51,000. Ó le, ó wúwo, ṣùgbọ́n kì í tẹ́. 51,000 ÷ 1,500 = jíjò 34, ìyẹn ogún ọ̀sẹ̀. Mo mú oní-rọ́bà. Mo ti wọn táyà mi kí n tó kúrò nílé: íńṣì mẹ́tàlá.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Wọ́n kéré. Alágídí dorí kodò bí ewúrẹ́ tó ń mumi. Ọmọ mi pè lórí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí n tó dórí ọ̀rọ̀ táyà, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n padà pè yín." Kò pè.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo lọ. Ọ̀gá ní, "Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?" Mo ní bó ṣe wà lábẹ́ ẹ̀rọ. "Ṣé afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀?" Mo ní rárá, ó ti tún jò mọ́jú Àbámẹ́ta. "Áà! Ẹ wọn táyà tó ti jò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè ka ewé orí igi!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Íńṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo lọ pààrọ̀ wọn; wọ́n gba 2,000 lé e. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bá mi dè wọ́n. Kò gbowó. Ó ní, "Ẹ̀bùn ìdágbére ni."
Mo ní ẹ ṣé.

Ọjọ́bọ̀, 13
Kò jò.

Ọjọ́ Ajé, 17
Kò jò. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ẹ̀gún mẹ́ta dúró lára rọ́bà bí abẹ́rẹ́ lára ìrọ̀rí. Mo fọwọ́ yọ wọ́n. Mo ti jèrè 4,500. Ta ni kí n sọ fún?

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo rìn dé ìdajì ọ̀nà ìkóríta. Kí ni n ó ní mo wá ṣe? Mo padà.

Ọjọ́rú, 26
Mò ń gé ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ẹnì kan ń gba àárín pápá bọ̀, ó ń tiro díẹ̀. Ọ̀gá ni — nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa. Mo pa ẹ̀rọ. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wá yọ irin tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ lápò.
Ó ní, "Mo ní kí n wá yẹ afẹ́fẹ́ wọn wò."
Àwa méjèèjì wo táyà. Rọ́bà látòkè délẹ̀. Kò sí ojú ihò kankan tí irin náà lè wọ̀.
Mo ní, "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Ọ̀gá. Ẹ má kánjú."
Ìsàlẹ̀ pápá kù tí mi ò gé. Ó di ọ̀la.