Àpótí Funfun Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, l'óko Okeluse.

Dúrọ́ọ̀ àpótí ibùsùn tí mo kàn ti ń yọ̀ jáde lónìí! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá pákó jà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù; bí mo bá fà á, á há. Àbẹ́là tí mo fi pa á nídìí ló jẹ́ kó máa yọ̀. Ìkòkò, sítóòfù àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà nínú rẹ̀, orí àpótí ni màá tẹ́ fóòmù sí. Mo lè máa sùn sóko báyìí, dípò ilé tí kò sẹ́nì kankan.

Gígùn ara mi ni mo fi wọn àpótí náà, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ò sì lè tì mọ́. Ọ̀dà funfun ló ṣẹ́kù nílé, òun ni mo fi kùn ún. Mi ò ronú jìnnà.

Lọ́nà oko, mo dúró ra búrẹ́dì ní Idoani. Obìnrin tó ń tà á wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ta ló ṣaláìsí?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n fa dúrọ́ọ̀ jáde kó rí ìkòkò. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyàwó mi ni."

Irọ́ ṣáà kọ́.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run á tù mí nínú. Mo ní àmín. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mi ò fa ọwọ́ yọ.

Ọdún mẹ́ta rèé tí Àbẹ̀kẹ́ ti lọ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kí mi kú ara fẹ́ra kù tán, kò sẹ́ni tó ń kí mi mọ́.