Igi Mama Roseline Tí Ẹ Dáná Sun

Temple, Calgary.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọládipọ̀,

As-salaam alaykum. Mo kí yín, mo kí Àǹtí Mardiyah àti àwọn ọmọ ní Airdrie. Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà. Inú tèmi ni kò ní àlàáfíà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé fóònù yín láti ọjọ́ Sunday.

Igi tí ẹ kó nínú garage mi kì í ṣe igi ìdáná. Igi maple tí Mama Roseline, aládùúgbò mi, gbìn lọ́dún tó bí àkọ́bí rẹ̀ ni. Ìjì ló wó o. Ó sùn sẹ́yìn ilé fún ọdún méjì, olú sì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí Mama kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta gé e, wọ́n mọ̀ pé mo máa ń gbẹ́ igi, wọ́n ní kí n gbẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan fún àwọn.

Ẹ ní ó ti jẹrà. Ṣé ẹ bi mí ni? Olú yẹn ló ń fa ìlà dúdú tín-ín-rín sínú igi funfun, bí ìgbà tí èèyàn fi gègé kọ̀wé. Spalted maple ni wọ́n ń pè é. Kò lágbára tí wọ́n lè fi ṣe òpó, ṣùgbọ́n tó bá di ti abọ́, àpótí kékeré tàbí ojú gìtá, ẹwà rẹ̀ kò kéré. Tó bá pẹ́ jù nílẹ̀, á rọ̀ bíi búrẹ́dì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sá a kí ìjẹrà náà lè dúró.

Ẹ ní ẹ fẹ́ bá mi tún garage ṣe. Mo ti hospital dé lẹ́yìn wákàtí méjìlá, mo bá yín nídìí fire pit ẹ̀yìn ilé, igi náà ti ń jóná. "Serifa, mo ti bá ẹ palẹ̀ pàǹtí mọ́." Nígbà tí mo figbe ta, ẹ ní, "Nọ́ọ̀sì bíi tìẹ, kí ló kàn ọ́ kan igi jíjẹrà?" Lọ́jọ́ Sunday, ẹ tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn àlejò yín. Mo gbọ́.

Ẹyọ kan ló kù, èyí tó wà ní basement. Mo gbẹ́ ẹ, mo gbé abọ́ náà lọ bá àkọ́bí Mama. Ó ń fi ìka tọ ìlà inú rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, "And the others?" Mo ní wọ́n ti jóná. "Who burned them?" Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní èmi ni. Mo ní mo ṣèèṣì kó wọn mọ́ igi ìdáná. Ó ní, "We trusted you, Serifat." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo fi orúkọ ara mi bò yín láṣìírí, ẹ̀yin ò tíì sọ "pẹ̀lẹ́" fún mi! Mi ò lè gbé irọ́ yẹn mọ́. Lọ́jọ́ Saturday, láago méjì, mò ń padà lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ òtítọ́ fún un, èmi á dúró tì yín. Tí ẹ ò bá wá, mà á sọ ọ́ fúnra mi, mà á sì fún un ní àdírẹ́sì yín.

Kí Ọlọ́run rọ̀ yín lọ́kàn, kó má sì jẹ́ kí ìbínú yìí pẹ́ láàárín ọmọ ìyá.

Èmi ni àbúrò yín tí inú ń bí,
Serifat

Àfikún: Àǹtí Mardiyah ní ẹ ń wúkọ́ láti ọjọ́ tí ẹ dáná yẹn. Eruku igi tí olú ti jẹ àti èéfín rẹ̀ kò dáa fún àyà. Èmi gan-an máa ń bo imú tí mo bá ń gbẹ́ ẹ. Ẹ lọ rí dókítà. Inú ṣì ń bí mi o.