Wọ́n Pe Bùkọ́lá ní Alátìlẹyìn

Sátidé, Súrùlérè

Bùkọ́lá mú ìwé ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì wọn wá sílé lónìí. Mo rí fọ́tò àwọn ọmọbìnrin tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Òun ló dúró láàárín, tó so báǹdì balógun mọ́ apá. Wọ́n wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àwọn alátìlẹyìn wa."

Alátìlẹyìn! Ọmọ tí orúnkún ṣì ń dùn nítorí ẹgbẹ́ yẹn!

Mo ní kó pe àwọn tó ṣe ìwé náà kí wọ́n tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre."

Bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n á fi ẹlòmíì ṣe ọ̀gá lé e lórí, á ní kò burú.

Ó ní kò dun òun, àmọ́ ẹ̀bà tó ní kí n tẹ̀ fún òun, kò jẹ ju òkèlè kan lọ.

Èmi á pe àwọn tó ṣe ìwé náà. Kó bínú tó bá wù ú.