Ehoro Tí Wọ́n Fi Ránṣẹ́ Sí Ààfin

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, àwa Nana Boadu Amponsem, tí ìlú ń dákẹ́ bí a bá wúkọ́, ń kí yín láti ààfin wa nítòsí Sunyani. Ọ̀rọ̀ ehoro ló há wa mọ́lé.

Maame Afrakoma ní Kumasi ló ń sin ehoro tí àwọn èèyàn fi ń ṣeré nínú ilé. A pè é lórí fóònù, a ní kó fi takọtabo kan ránṣẹ́. Olùrà ló ń san owó ọkọ̀ kí ẹran tó gbéra, ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kí ọba kọ́kọ́ sanwó? Ó gbé apẹ̀rẹ̀ fún awakọ̀, ó ní ààfin yóò san án.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ní ibùdókọ̀ ni awakọ̀ ti rí mi. "Ìwọ aláwàdà, sáré gbé e lọ sí ààfin, kí o gba owó mi bọ̀!"

Ààfin wo? Èmi náà ni ọba orí fóònù yẹn! Awakọ̀ ń wá mi kiri nítorí owó rẹ̀. Láràárọ̀ ni Maame sì ń pè: "Nana, ẹ kú ọlá o. Ṣé àwọn ọmọ mi jẹun?" Màá mú ohùn mi ki bíi ti ọba: "Wọ́n jẹ, wọ́n yó." Ó wá ní òun ń bọ̀ ní Sátidé láti kúnlẹ̀ kí Nana. Wọn yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ààfin!

Olóòtú, ó máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ bá mi sọ fún un kó má wá, torí bí mo bá fi ohùn ara mi pè é, kò ní mọ̀ mí. Ehoro rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn ìyá àgbà mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa dá wọn padà?

Èmi ni Kwaku, tó ń ta omi inú ọ̀rá ní ibùdókọ̀.