Iye Tí Wọ́n Fẹnu Kò Sí: Ìgbésí Ayé Bàbá Reuben Adébùsóyè, 1955 sí 2026

Òkè-Lísà ní ìlú Òǹdó ni a ti bí Olóògbé Reuben Adébùsóyè ní ọdún 1955. Jesse Adébùsóyè, àgbẹ̀ kòkó, ni bàbá wọn. Felicia, ọmọ Ipogun, ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

Ní 1978, wọ́n bá àwọn ará Òǹdó kan lọ sí Bàmákò, ní orílẹ̀-èdè Màlì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Adépéjú, ọmọ Bàbá Kìtán, Yorùbá kan tó ń ta aṣọ nílùú náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984, ìdílé méjèèjì jókòó lójú àwọn ará Òǹdó, wọ́n fẹnu kò sí iye owó orí ìyàwó.

Kí ọjọ́ ìdána tó pé, Màlì pa owó tirẹ̀ tì, ó gba sẹ́fà, owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ìtòsí jọ ń ná. Owó Màlì méjì di sẹ́fà kan. Reuben pààrọ̀ owó wọn ní báńkì, wọ́n gbé e lọ. Bàbá Kìtán kà á.

"Ààbọ̀ ọmọ lo fẹ́ gbé lọ ni?"

"Bàbá, owó ló yí padà. Ohun tí ti tẹ́lẹ̀ lè rà ni èyí náà lè rà."

"Iye tí mo sọ lójú àwọn ará Òǹdó ńkọ́? Ṣé ẹnu mi náà ti yí padà ni? Gbé e, máa lọ."

Olówó kan náà ti ń bọ̀ wá tọrọ Adépéjú. Adépéjú ní òun yóò dúró de Reuben. Reuben padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ránṣọ títí iye náà fi pé ní sẹ́fà, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ.

Ní Kérésìmesì 1985, wọ́n gbé e wá. Bàbá Kìtán kà á lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n dì í padà, wọ́n gbé e lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

"Àwa kì í ta ọmọ. Mo kàn fẹ́ kí iye tí mo sọ pé ni. Ẹ tètè ná an, kó má tún yí padà mọ́ yín lọ́wọ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Reuben kò rẹ́rìn-ín.

Tọkọtaya náà padà sí Àkúrẹ́ ní 1991, wọ́n ṣí ìsọ̀ ní Ọjà Ọba. Àwọn ni wọ́n ń rán aṣọ akọrin ìjọ Áńgílíkà wọn ní Ìsìkàn. Wọn kì í gbowó iṣẹ́. Nígbà tí ojú Bàbá Kìtán fọ́, ilé Reuben ni Bàbá ní kí wọ́n gbé òun lọ. Reuben tọ́jú wọn dójú ikú. Reuben náà ló rán aṣọ tí a fi sin wọ́n.

Olóògbé sinmi ní oṣù kejì, 2026. Wọ́n fi aya wọn, Màmá Adépéjú, sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Bímbọ́lá, Tìmílẹ́yìn àti Ìbùkún, àti ọmọ-ọmọ: Ẹ̀bùnolúwa àti Olúwajùwọ́nlọ. Màmá ní kí a kọ ọ́ síbí pé òun kò kábàámọ̀ ìdúró náà.

Ẹ sùn re, Bàbá. Kí ilẹ̀ Òǹdó tù yín lára.