Ìyá Mi, Nítorí Àgbo Gìrì Yín

Ìyá mi tòótọ́, Ìyá Alágbo Pápá Àjàó,

Inú ń bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí, bóyá ẹ̀yin ni, bóyá èmi ni, bóyá àwọn onítẹlifíṣọ̀n ni. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń jókòó, tí mo ń dìde, tí mo tún ń jókòó. Jídé ọmọ mi ní kí n máa sọ ọ́ kí òun bá mi kọ ọ́. Mo ní rárá. Ìwé díẹ̀ tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà, òun ni mo fi ń kọ èyí.

Eré kan wà tí a máa ń wò nílé Jídé ní Súrùlérè níbí, eré ilé ìwòsàn ayé òyìnbó, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń dé fìlà funfun tó le bíi páálí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, obìnrin kan gbé ọmọ tí gìrì mú wá. Dókítà ò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà tí nọ́ọ̀sì ti gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó ní àgbo ìtọ̀ màlúù ni wọ́n rọ fún un. Ọmọ náà kú. Dókítà ní gìrì kọ́ ló pa á, àgbo ni. Ó ní ara ọmọ gbóná ni, omi ló yẹ kí wọ́n fi nù ún.

Mo pariwo, "Irọ́ ni! Irọ́ ńlá!" Mo dìde, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Jídé bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, eré ni o! Àbí ẹ fẹ́ lu dókítà inú tẹlifíṣọ̀n ni?"

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣadé, tó ń ṣe tíṣà ní Yábàá, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Ṣadé kékeré kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ìgò àgbo yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ọmọ sílẹ̀ fún yín."

Ọdún méjì ni mo fi ń sọ fún ará àdúgbò pé ìwé ló ń gun obìnrin yìí!

Ìyá mi, ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sáré wá bá yín láti Sábó, tí ẹlòmíì ò ní bàtà lẹ́sẹ̀? Ẹ máa ń tọ́ àgbo wò fúnra yín kí ẹ tó fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ máa ń fi etí ìró yín nu ẹnu wọn. Ewé tábà, aáyù, efinrin, ìtọ̀ màlúù: bí mo bá dijú, mo lè pò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló yè. Wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ.

Láyíwọlá ńkọ́? Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn yín. Nígbà tí gìrì mú un, ẹ̀yin lẹ rọ ọ́ lágbo, èmi ni mo di imú rẹ̀ kó lè gbé e mì. Gìrì yẹn ti dá kó tó mu ún, Ìyá mi. Mo rí i. Ó ti lajú, ó ń wò mí. Ìgbà tó mu ún tán ló sùn tí kò jí mọ́. Ṣé ẹ̀yin náà rí i? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi pe orúkọ rẹ̀ mọ́ títí ẹ fi lọ?

Lánàá, Ìyá Ṣadé lọ pọn omi nílé kejì, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ni ara Ṣadé bá gbóná, gìrì mú un lórí ẹní mi. Mo ti fa ìgò jáde. Mo ti ṣí i. Ọwọ́ mi ti wà ní imú ọmọ náà kí n tó mọ̀, ọwọ́ náà ń ṣe é fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Mo bojú wo ọmọ náà. Gìrì ti ń dá. Ó ń wò mí.

Mo gbé ìgò sílẹ̀. Mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo sì fi omi inú ìkòkò mi nù ún látorí dé ẹsẹ̀, omi tí ẹ sọ pé kò gbọdọ̀ kan ọmọ tí gìrì mú. Ṣadé ké, ìyá rẹ̀ sáré wọlé, ó rí ìgò ní ṣíṣí.

"Màmá! Ẹ ti fún un?"

"Mi ò fún un. Gbóòórùn ẹnu ọmọ rẹ."

Ó gbóòórùn rẹ̀. A jọ gbé e lọ sílé ìwòsàn, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ibà ni. Ó ti ń mu ẹ̀kọ báyìí.

Jídé fẹ́ bá mi da àgbo náà nù, mo gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìyá mi ni, kò sẹ́ni tó máa dà á nù lójú mi. Èmi fúnra mi dà á sí gọ́tà. Ẹni tó bá sì pè yín ní apààyàn á gbọ́ tẹnu mi. Ẹ fẹ́ràn ọmọ. Ẹ ò mọ̀ ni. Àbí ẹ mọ̀?

Láyíwọlá wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ẹ bá mi pè é lórúkọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú ọwọ́ kúrò nímú.

Èmi ni,
ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín títí dòní.