Àwa Náà Ti Ń Há Fọ́múlà Sórí Nílé

Ìyá Ìbéèrè, ọmọ mi,

Báwo ni ara, báwo ni ìwé, báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá? Èmi àti ìyá rẹ ń gbàdúrà pé ayé rẹ kò ní rún bí aṣọ tí a kò lọ̀, orí rẹ kò ní daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀, ẹni tó máa máàkì ìwé rẹ yóò sì jẹun yó kí ó tó jókòó tì í. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti rọlẹ̀, okùn tí a ń sá aṣọ sí já, mo ti so ó padà.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé ọwọ́ wa. Mo kí ọ, o kò dáhùn. Ìyá rẹ bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ, inú bí mi, mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí o tún sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kẹta láìyí ọ̀rọ̀ kan padà ni àánú rẹ ṣe mí, mo ní ìwé kíkà yìí ti dààmú ọmọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n a gbọ́ kókó rẹ̀. O ní wọ́n fẹ́ tún ìdánwò fisíìsì ṣe fún ọ, tí o bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò ní kí o di ẹrù rẹ kí o máa bọ̀ nílé. O ní gbogbo fọ́múlà lo ti há sórí, àmọ́ tí tuntun bá wọlé, ti àtijọ́ á jáde. O ní olùkọ́ yín ń pariwo pé kí ó yé yín, kí ẹ má kàn há a, ṣùgbọ́n àyè pé à ń jẹ́ kí nǹkan yéni kò sí mọ́.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹrù ló pọ̀ jù fún orí kan, mo bá ìyá rẹ sọ ọ́. Nílé yìí, tí aṣọ bá pọ̀, ṣé ẹnì kan ló ń dá a fọ̀ ni? Ẹnì kan á rẹ ẹ́, ẹnì kan á fún un, ẹnì kan á sá a. Ni a bá pín fọ́múlà. Bébà fọ́múlà tí o lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí mo ti ń lọ aṣọ ṣì wà níbẹ̀, èéfín ti mú un, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ìyá rẹ gba èyí tó jẹ mọ́ ooru, torí òun ló ń se omi aṣọ. Èmi gba ti iná mànàmáná. Bí mo bá ti ń fọ aṣọ ni mo ń wí pé V dọ́gba pẹ̀lú I lọ́nà R. Mo rò ó títí, mo ní ta ni V yìí tí òun nìkan dọ́gba pẹ̀lú àwọn méjì, àbí ẹ̀gbọ́n wọn ni? Ìyá rẹ ní kí n má tú ìdí ẹbí ẹlẹ́bí, kí n ṣáà há a.

Ohun tí a pinnu ni pé kí o má pa fóònù rẹ lọ́jọ́ ìdánwò. Bá wa kí ẹni tó ń ṣọ́ yín dáadáa, sọ fún un pé àwọn òbí rẹ wà nínú fóònù. Èyí tó bá kan ooru, pe ìyá rẹ, èyí tó bá kan iná, pè mí. A kò ní pariwo.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí oníbàárà wa, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, wá gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó bá ìyá rẹ nídìí ìkòkò, níbi tí ìyá rẹ ti ń ka tirẹ̀ lọ láìkọsẹ̀, Q dọ́gba pẹ̀lú m lọ́nà c lọ́nà ìyípadà ìwọ̀n ìgbóná. Olùkọ́ ní ó káre. Ó wá bi í pé tí òun bá gbé ìkòkò ńlá kan àti kékeré kan ka irú iná kan náà, tí omi kún méjèèjì, èwo ni yóò kọ́kọ́ hó. Ọmọ mi, wo ìyá rẹ ná. Obìnrin tó ti ń se omi kí a tó bí ọ! Ó gbójú sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Q. Ó ní kí olùkọ́ ní sùúrù, pé kò tíì sí ìkòkò nínú èyí tí òun há. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́. Ó wo kọ́là tó ti jó, ó wò mí, ó ní ohun tó ń ṣe ọmọ yín níbi ìdánwò gan-an nìyẹn, wọ́n bi í ní ìkòkò, ó ń ka Q. Ó ní ohun tí fọ́múlà náà ń wí kò ju pé omi tó bá pọ̀ yóò gba ooru púpọ̀ kó tó gbóná. Ìyá rẹ pariwo pé ṣé ìyẹn náà ni, kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo rántí ìdí tí a fi ń pè ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè. O ṣì kéré, o máa ń dúró nídìí okùn aṣọ lọ́jọ́ tí oòrùn kò yọ, tí atẹ́gùn kàn ń fẹ́, aṣọ á sì gbẹ. O máa ń bi mí pé, bàbá, oòrùn kò sí, omi kò sì kán mọ́, ta ló ń kó omi inú aṣọ lọ? Mo ní n kò mọ̀, pé tí o bá kàwé débi kan, kí o wá sọ fún mi. Torí ẹ̀ lo ṣe yan fisíìsì, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ṣì ń dúró. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó wù mí láti mọ̀ ni. Tí mo bá sì yọ ọwọ́ mi nínú omi, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó máa ń tutù ju inú omi lọ. Ṣé ẹni tó ń kó omi lọ náà ló ń kó ooru ọwọ́ mi lọ ni?

Nítorí náà, má pè wá nínú ìdánwò mọ́. Pè wá ṣáájú rẹ̀, ìpè gidi, kì í ṣe èyí tí o ń sọ̀rọ̀ tí o kò ní gbọ́ tiwa. Sọ ọ́ fún wa bí ìtàn, láìsí Q, láìsí V. Ibi tí kò bá yé wa, a ó dá ọ dúró. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Tó bá yé ìyá rẹ, ta ni kò ní yé? Má sọ fún un pé mo kọ bẹ́ẹ̀.

Tí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, a ó fi ra èédú, a ó sì fi bẹ olùkọ́ nítorí kọ́là rẹ̀. Mo gbọ́ pé owó ń gba inú fóònù wọlé. Jọ̀ọ́, fi ọ̀rá wé e dáadáa, torí fóònù wa ti bọ́ sínú omi ọṣẹ rí. Tí owó kò bá sí, ìdáhùn ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Ọlọ́run tó dá atẹ́gùn yóò la ojú inú rẹ. Ìbéèrè kò ní tán lẹ́nu rẹ, ìdáhùn kò ní wọ́n ọ. O kò ní fi ìtìjú di ẹrù wálé, ayọ̀ ni yóò gbé ọ wá.

Oòrùn kò yọ lónìí. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, ṣòkòtò awakọ̀ kan wà lórí okùn níwájú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ń kán. Ní báyìí ó ti fúyẹ́, ó ń mì. Mo ṣọ́ ọ títí, ọmọ mi, n kò rí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, alágbàfọ̀.